Ẹ̀wà Ọjọ́rú Eléérú

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Hannah ní Màdáámù Kọngílá ní Odode yìí, tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí i nítorí pé ẹ fẹ́ kó gba ọmọ yín síṣẹ́, ẹ jókòó kí n sọ bí ó ṣe dé orí oyè náà fún yín. Mo wà níbẹ̀. Dòdò ni mò ń dín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ bi í pé níbo ló dúró sí lọ́jọ́ náà, ẹ ó rí i tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí.

Ìyá Yínká ni èmi máa ń pè é, nítorí Olúyínká ni àkọ́bí rẹ̀, ó sì jù mí lọ. Ó kúrú, ó sanra, ó sì máa ń yára rìn bíi pé ó gbé ọbẹ̀ ka iná níbikíbi tó bá ń lọ. Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn ń kó wá sí ìsàlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ pé ẹni tí wọ́n pọ̀n sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn tí kò já bọ́, kò sí ohun tó tún lè gbé e ṣubú. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń sọ fún wa bí igi ìdáná bá tutù, òun náà ló sọ nígbà tí wọ́n jí adìyẹ rẹ̀ gbé. Ó ti sú mi tipẹ́.

Àwa mẹ́ta ni alásè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan tó wà lójú ọ̀nà Owena, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di tíṣà. Ìyá Yínká ni olórí wa. Èmi Joanna ni mo tẹ̀ lé e. Catherine ló kéré jù, ọmọ ìjọ Àgùdà ni, onítìjú ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ àfi bí iná bá jó o. Ẹnu ni Ìyá Yínká fi ń dáná, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Kò mọ ṣíbí òṣùwọ̀n, kò mọ ife. Á bu ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á lá a, á fi ahọ́n ta ẹnu tọ́, á wá sọ pé "ó pé" tàbí "ó kù." Bí ó bá ti ní ó pé, ó pé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fi nǹkan sí i lẹ́yìn ìyẹn, òun àti ẹ̀ ló máa jọ jà.

Ní ọdún 1981, a kò tíì jẹun ọdún tuntun tán tí Pírínsípà fi pè wá sí gbọ̀ngàn ìjẹun. Ọ̀gbẹ́ni Benedict Ògúnníyì lorúkọ rẹ̀, Àgùdà ni òun náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń tọrọ gáfárà kó tó sín. Ó fi awò sójú, ó ní àwọn ìgbìmọ̀ tó ń darí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti pinnu pé àwọn kò ní gba alásè síṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ ìdáná ti di ti kọngílá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ní orúkọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tí yóò máa fi kó oúnjẹ. Wọn yóò dá ọjọ́ kan, gbogbo ẹni tó bá ń du iṣẹ́ náà yóò gbé oúnjẹ wá kí agogo ọ̀sán tó lù. Oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò jẹ gan-an. Àwọn mẹ́ta ni yóò tọ́ ọ wò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu kí wọ́n tó lè fọwọ́ sí ìwé fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbà á ni yóò yan àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́.

Kọngílá tó bá ti Àkúrẹ́ wá kò ní yan èmi, kí ló mọ̀ nípa mi? Catherine ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún.

Ìyá Yínká gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Sà, ṣé òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè du iṣẹ́ náà?"

Pírínsípà ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Òfin kò gbà á."

"Ẹni tó ti ṣe òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì rí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà yẹ ìwé wò, ó tún yẹ ẹ̀yìn ìwé wò. Ó ní, "Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn."

"Ẹ ṣé, sà," ni Ìyá Yínká wí, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀.

Odode kò sùn. Àwọn èèyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ ìjọba, tí ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì, tí ó lọ ju iṣẹ́ nù kó lè wá tọrọ iṣẹ́ kan náà padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti oko kòkó dé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà, ó bú u títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò bínú. Ohun tí bàbá yẹn bi í ni pé, "Ṣé wàá ṣì máa se oúnjẹ nílé?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní kò burú.

Èmi náà bá a wí. Mo ní, "Ìyá Yínká, kí lẹ ṣe yìí? Bí ẹ kò bá rí i gbà ńkọ́?"

Ó ní, "Bí mo bá jókòó, Augustine yóò gbá gbogbo wa dànù. Bí mo bá dìde, ó kéré tán yóò bá mi lórí ìdúró. Tí mo bá sì rí i gbà, ìwọ àti Catherine kò ní lọ síbì kankan."

Augustine yìí ni ẹnì kan ṣoṣo tó tún ń du iṣẹ́ náà. Àkúrẹ́ ló ń gbé, ó ní mọ́tò Pijó, ó sì máa ń fi ọwọ́ nu ún bí ẹni nu ojú ọmọ. Kò sí iṣẹ́ tí kì í gbà: ó gbẹ́ gọ́tà, ó kun ilé, ó kan bẹ́ǹṣì, báyìí ó ti fẹ́ se ẹ̀wà. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó rí wa lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín sí wa dáadáa, ó sì sọ fún wa pé òun ti ní àwọn alásè tòun. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ dé. Ìyá Yínká ní Màtá ni yóò máa jẹ́, nítorí Màtá ló wà nínú ilé ìdáná nígbà tí Olúwa wá kí wọn nílé. Mo ní ṣé kí a fi Màríà kún un. Ó ní Màríà jókòó nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, àwọn kò ní gba irú ẹ̀ síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá kù. Òun kò ní mọ́tò, kò ní máṣíìnì, kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ kò sì ní táyà ẹ̀yìn. Ó bá lọ ra ọmọlanke kan tí wọ́n fi ń ti ẹrù lọ́jà, ó kùn ún ní funfun, ó ní kí Yínká kọ MÀTÁ sí i lára gàdàgbà. Èmi àti ẹ̀ jọ tì í lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Pírínsípà jáde, ó wo ọmọlanke, ó wo ìwé òfin, ó yí i ká. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Wọ́n ní ọkọ̀. Wọn kò ní kó ní ẹ́ńjìnnì." Ó fi ìlà sí i pé a ní ọkọ̀.

Aládùúrà ni wá, èmi àti Ìyá Yínká tó jẹ́ ìyá ìjọ wa. A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Alàgbà Olútìmẹ́hìn, ẹni tí kò fi ààwẹ̀ ṣeré láti ìgbà èwe rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú ni bàbá yẹn fi ń gbààwẹ̀, bí òjò rọ̀, bí oòrùn ràn. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a ó fi gbààwẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, láìfi omi kan ẹnu, òun náà yóò sì bá wa gbà á. Ọjọ́ Ajé ni a ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá fún ìdánwò oúnjẹ, nítorí náà gbogbo rẹ̀ bára mu. A ó gbààwẹ̀ tán, a ó wá sè é.

Àṣé ọ̀tọ̀ ni ti Àkúrẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ààwẹ̀ ti gbé ojú wa wọnú, Pírínsípà ránṣẹ́ pé wọ́n ti yí ọjọ́ padà. Ọ̀la ni. Ọ̀gá obìnrin tí ìgbìmọ̀ ń rán bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá tọ́ oúnjẹ wò kò ní àyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá sì gbé oúnjẹ wá lọ́la, kó gbàgbé rẹ̀.

Mo wo Ìyá Yínká. Ó ti ń ta ahọ́n rẹ̀ mọ́ ẹnu láìsí ohun tó ń tọ́ wò. Ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín: ẹnu ni obìnrin yìí fi ń dáná. Ẹnu náà sì wà nínú ààwẹ̀.

Ó rò ó, ó bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Catherine ńkọ́? Ọmọ Àgùdà ni. Kò sí nínú ààwẹ̀ wa. Òun ni yóò máa tọ́ ọ wò fún wa." Mo dì mọ́ ọn. A jó díẹ̀ lójú ọ̀nà, èmi àti àgbàlagbà, láìjẹun láti òwúrọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a ti dáná kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ ẹ̀wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bó ṣe máa ń rí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀wà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí èmi àti Catherine ṣì ń sè, wà nínú ìkòkò ńlá. Pírínsípà ti gbà kí Ìyá Yínká lo iná wa, òun náà wá gbé ìkòkò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò, ó ṣa ẹ̀wà ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó da edé sí i, ó da epo sí i. Mo ní ṣé wọn kò ní kó jẹ́ irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa jẹ. Ó ní kí n gbájú mọ́ dòdò mi.

Catherine wọlé, ó ń yára, eérú wà ní iwájú orí rẹ̀.

Ìyá Yínká ní, "Ìwọ ọmọ yìí, iná wo lo ti fẹ́ láàárọ̀ yìí? Àlejò ń bọ̀." Kí ọmọ náà tó lanu, ó ti fi omi rin etí ìró rẹ̀, ó di orí rẹ̀ mú, ó sì nu iwájú orí yẹn mọ́ tónítóní.

Catherine wá kígbe bí ẹni tí wọ́n já ní irun. Ó ní, "Màmá, fádà ló fi sí i. Ọjọ́rú Eléérú ni òní. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì wọlé."

Ìyá Yínká fi orí ọmọ náà sílẹ̀.

Ìyá Yínká ní, "Ṣé ìwọ náà ń gbààwẹ̀ ni?"

"Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́, Màmá. Mo ní n kò ní jẹ, n kò ní mu títí di alẹ́, kí Ọlọ́run lè fún wa ní iṣẹ́ náà."

Ẹ̀rín gbá mi mú. Ẹ má bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, ebi ni. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada dòdò, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Alásè mẹ́ta, ọjọ́ ìdánwò, ìkòkò méjì, kò sí ẹnu kan ṣoṣo láàárín wa. Akẹ́kọ̀ọ́ sì rèé, òfin ní wọn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé ìdáná lọ́jọ́ náà. Ìyá Yínká kọ́kọ́ bínú sí mi, lẹ́yìn náà ẹ̀rín mú òun náà. Ìgbà tó yá ló nu ojú, ó ní, "Ó dáa. Ojú la ó fi sè é. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyọ̀ àfi èmi."

Ẹ̀wà kékeré rọ̀. Ìyá Yínká bu iyọ̀ sí i. Bó ṣe rò ó ni a gbọ́ ìró mọ́tò níta, ó bá sáré jáde lọ kí àwọn àlejò. Catherine wo ìkòkò. Ó rò pé nínú kánjúkánjú yẹn, Màmá ti gbàgbé. Kò fẹ́ bi mí, nítorí mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó bu iyọ̀ sí i, ó rò ó. Ìyá Yínká padà wọlé, ó wo ẹ̀wà náà, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ojú ẹ̀wà yìí kò jọ ojú ẹ̀wà tó jẹ iyọ̀ yó." Òun náà tún bu ú sí i. Èmi kò rí ọ̀kan nínú wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi. Èéfín dòdò wà lójú mi.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ìjẹun: Pírínsípà, Ìyáàfin Moríyọ̀ Oyèṣọlá, ọ̀gá tó ti Àkúrẹ́ wá, àti akápò kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí, ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àfi ọjọ́ ìkómọ. Eérú wà níwájú orí Pírínsípà. Eérú wà níwájú orí Ìyáàfin Moríyọ̀.

Augustine ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Àwọn èèyàn rẹ̀ méjì gbé kúlà wọlé, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n ṣí kúlà. Ẹ wá gbọ́ òórùn. Ìrẹsì pupa tí wọ́n fi omi adìyẹ sè. Itan adìyẹ ńlá lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n gún ẹran sí nínú. Ikùn mi dáhùn tó bẹ́ẹ̀ tí Catherine fi wo ojú mi.

Pírínsípà wo adìyẹ. Ìyáàfin Moríyọ̀ wo adìyẹ. Àwọn méjèèjì wá wo ara wọn.

Pírínsípà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Augustine, ṣé kò sí èyí tí kò ní ẹran?"

Augustine ní, "Sà, mo rí i dájú pé ẹran dé ibi gbogbo."

Ìyáàfin Moríyọ̀ ní, "Augustine. Orúkọ ẹni mímọ́ ńlá ni wọ́n sọ ọ́ ní ìjọ wa. Ọjọ́ wo ni òní?"

Mo rí ọkùnrin náà tí ó rántí pé Àgùdà kì í fi ẹran kan ẹnu ní Ọjọ́rú Eléérú. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí tirẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu, epo adìyẹ wà níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò lè purọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sáré wọ Odode lọ ra ẹja agolo, wọ́n ní oúnjẹ tó gbé wá nìkan ni òfin mọ̀. Ó ní kí akápò kúkú tọ́ ọ wò fún wọn. Akápò ti ń tọ́ ọ wò, ó ti dé orí itan kejì. Ṣùgbọ́n òfin ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

"Ẹ gbé ti Màtá wá," ni Pírínsípà wí, ó sì fa àga mọ́ tábìlì. Ó sọ fún wa pé oúnjẹ kan ṣoṣo ni ìjọ gbà àwọn láyè lónìí, ti òun ni òun sì fi dúró dè wá láti àárọ̀.

Ìyá Yínká gbé ẹ̀wà kékeré kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyáàfin Moríyọ̀ bu ṣíbí kan, ó gbé e sẹ́nu. Ó gbé omi, ó mu ún. Ó tún gbé omi Pírínsípà, ó mu ìyẹn náà. Ó wá rọra bi Ìyá Yínká pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀wà la fi iyọ̀ sí ni, àbí iyọ̀ la fi ẹ̀wà sí?"

Mo rí i tí ojú Ìyá Yínká yí. Ó wo Catherine, Catherine wo ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun gbogbo yé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yé èmi náà. Ẹ̀rín tó wà lára mi láti àárọ̀ lọ pátápátá. Iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ kò sí mọ́, èyí tó tìtorí rẹ̀ fi í sílẹ̀ sì ń lọ lójú wa.

Ìyáàfin Moríyọ̀ ní, "Ó dùn mí. N kò lè fọwọ́ sí èyí. Ti Augustine kò ṣeé tọ́ wò, tiyín kò ṣeé gbé mì. N ó mú ọ̀rọ̀ náà padà lọ sí Àkúrẹ́ kí wọ́n yan ẹlòmíràn."

Ìyá Yínká ní, "Mà, ṣé agogo ọ̀sán ti lù?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí."

Ó gbé ẹ̀wà kékeré náà padà wọ ilé ìdáná, a sáré tẹ̀ lé e. Ó dúró níwájú ìkòkò ńlá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Ta ló ti fi iyọ̀ sí èyí?" Kò sẹ́nì kankan. Ti kékeré ni gbogbo wa ń bá kiri, a ti gbàgbé ti àwọn ọmọ. Kò tún béèrè nǹkan mìíràn. Ó da ìkòkò kékeré sínú ńlá, ẹ̀wà tó ṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, edé, epo, gbogbo iyọ̀ yẹn, ó gbé orógùn, ó rò ó, ó rò ó títí òógùn fi bo ojú rẹ̀. Ó wá dúró. Ó ku ẹni tí yóò sọ bóyá ó pé.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Èmi kò tó yín nínú ẹ̀sìn, kò ní ya Ọlọ́run lẹ́nu."

Ó ní, "Rárá. Èmi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi náà ni n ó fi ààwẹ̀ sílẹ̀."

Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Obìnrin yìí kò jẹ gbèsè ààwẹ̀ rí. Ó gbààwẹ̀ nígbà tí ó lóyún Yínká, ó gbà á nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé ojú sókè sí òrùlé dúdú yẹn, ó ní, "Olúwa, Ìwọ lo mọ̀ pé ebi kọ́." Ó sì lá a.

Ó fi ahọ́n ta ẹnu tọ́. A kò tíì gbọ́ ìró yẹn lórí oúnjẹ láti ọjọ́ Ajé. Catherine di ọwọ́ mi mú.

"Ó pé," ni Ìyá Yínká wí.

A kò rántí wá àwo tó dára. Àwo irin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni a fi bù ú, mo da dòdò lé e. Ìyáàfin Moríyọ̀ fi ṣíbí kan bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ ẹ̀gún. Ó tún bu òmíràn. Ó bi wá pé, "Ṣé irú èyí gan-an ni ẹ máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́?" Ìyá Yínká ní, "Mà, tiwọn ni ẹ ń jẹ yẹn." Òótọ́ ni ó sì sọ, báyìí. Pírínsípà kò sọ nǹkan kan rárá. Ó jẹ ẹ́ tán, ó na àwo, ó ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun yóò jẹun lónìí, kí a jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kan náà gùn díẹ̀. Akápò fi ṣíbí kan kún adìyẹ tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ́ ọ wò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, ìgbà náà ni agogo ọ̀sán lù, tí àwọn ọmọ wọlé gìrìgìrì. A kò mọ ìgbà tí a gbé Ìyá Yínká. Ó wúwo. A gbé e lé ọmọlanke rẹ̀, a tì í yí pápá ká, ó ń pariwo pé kí a sọ òun kalẹ̀, ẹ̀wà ń jóná.

Augustine ni mo rí nídìí mọ́tò rẹ̀ nígbà tí a padà dé. Ó ní, "Ìyá, ẹ bu díẹ̀ fún èmi náà. N kò lè jẹ ẹran yìí mọ́ lónìí." Mo bu ú fún un, mo fi dòdò méjì sí i. Ọkùnrin yẹn ló ń bá wa kó iṣu láti Owena báyìí, ó ní kọngílá ìrìnnà ni òun.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú dé, ọjọ́ ẹ̀rí. A wọ aṣọ funfun wa, a fi bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Alàgbà dìde, ó ti rù, egungun ọrùn rẹ̀ yọ, ó ní kí ìjọ wá wo iṣẹ́ tí ààwẹ̀ ṣe, arábìnrin Hannah fara balẹ̀ gbààwẹ̀, Ọlọ́run sì dáhùn. Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Ìyá Yínká dìde. Mo fa aṣọ rẹ̀ létí pé kó kọrin kó sì jókòó. Ó já aṣọ gbà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Bàbá, n kò parí rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, oòrùn ṣì wà lókè, mo fi ẹ̀wà kan ẹnu."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo ti ń rò ó pé wọn yóò gba ipò ìyá ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò ní iṣẹ́ náà kò ní pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Alàgbà sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, Bàbá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ pé ni."

"Ó pé?"

"Ó pé."

"Ó dùn?"

Ìyá Yínká kúnlẹ̀. Ó ní, "Ó dùn, Bàbá. Ẹ dárí jì mí. Ó dùn gan-an."

Bàbá mi orí. Ó ní, "Èmi tí mo fi ẹnu gbígbẹ dúró tì yín láti ọjọ́ Ajé, ẹ sì sè é tán, kò sí ẹni tó rántí bu díẹ̀ sílẹ̀ dè mí di alẹ́?"

Ẹ̀rín tó bú nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, a gbọ́ pé àwọn ará Àgùdà gbọ́ ọ ní tiwọn. Ìyá Yínká jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nu gbogbo rẹ̀ papọ̀.

Láti ìgbà náà, bí Ọjọ́rú bá ti pé, àwo ẹ̀wà kan máa ń lọ sí ilé Bàbá Alàgbà láti ilé ìdáná Màtá, gbígbóná, lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ Ọjọ́rú láti èwe ti gbé e sí Ọjọ́bọ̀. Ó ní Ẹ̀mí ló darí òun bẹ́ẹ̀. Èmi kò bá a jiyàn, èmi ni mo máa ń gbé àwo náà lọ.